Lẹ́tà Tí Kò Gba Ọ̀dọ̀ Onílẹ̀kùn Kọjá

Àárín èrò ló ti kọ́kọ́ rí i, tomijé-tomijé.

Òjò ti lé gbogbo ènìyàn wọ inú ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì há mọ́ra wọn bí ìṣáná inú páálí. Agboòrùn ẹni kan ń kán sí ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, ọmọ ọwọ́ kan ń ké, obìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fóònù bí ẹni pé òun nìkan ló wọkọ̀. Láàárín gbogbo rògbòdìyàn yìí ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró. Ó fi ọwọ́ kan di irin òkè mú, ó fi ìkejì di fóònù mú, omi ń yọ lábẹ́ gíláàsì ojú rẹ̀, kò sì nù ún. Ọwọ́ tí ì bá fi nù ún kò sí.

Ọmọbìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ọrùn díẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń yọjú wo fóònù onífóònù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ là ń rí ọkùnrin tó ń sunkún nínú ọkọ̀. Ó ka ìlà kan ṣoṣo, àyà rẹ̀ sì já. Ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni! Ìtàn alágbàfọ̀ kan tó ń fẹ́ ọkùnrin tí kò rí rí, tó jẹ́ aṣọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìtàn tí òun kọ sórí tábìlì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá òun, tí òun ń pa rẹ́, tí òun tún ń kọ, títí ọwọ́ fi ro òun.

Ọkọ̀ tẹ bíréèkì. Èrò ya lu ara wọn. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin.

"Ẹ má bínú," ó ní, "mo tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀."

"Ẹ fi ti ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kí ló ń pa yín lẹ́kún?"

Ojú tì í. "Alágbàfọ̀ kan ni. Àìsàn rẹ̀ ń le sí i, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe."

"Ẹ pe dókítà fún un."

"Inú ìwé ló wà."

"Háà! Ẹni inú ìwé lẹ ń sunkún fún. Àwa tí ẹ tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, gíláàsì rẹ̀ sì bò fún ooru. "Bí mo bá rí ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni màá bẹ̀ ẹ́. Màá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí alágbàfọ̀ yẹn kú.'"

"Ẹ máa bẹ̀ ẹ́ lọ nígbà náà," ni ọmọbìnrin náà wí, ó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ ṣì dúró lé."

* * *

Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí. Tẹ́lẹ̀ rí, ariwo ẹ̀rọ ńlá ló ń jí wọn láàárọ̀, òórùn tàdáwà ló sì ń kí àlejò kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Bàbá Atẹ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá rẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún bàbá yìí ti dúdú kọjá ohun tí ọṣẹ lè ràn. Bó bá fi kan pépà, yóò sọ bó ṣe nípọn tó, yóò sì sọ bóyá òjò ti pa á rí.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra ìwé dín kù, wọ́n tún dín kù. Gbogbo wọn ti tẹrí ba fún fóònù. Nígbà tó yá, Bàbá ta ẹ̀rọ ńlá náà. Owó rẹ̀ ló fi ní kí wọ́n kọ́ áàpù tí àwọn ènìyàn yóò ti máa ra ìwé ilé rẹ̀, pàápàá jù lọ ìtàn ìfẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń kọ.

"Mo ta ohun tí mo lè fọwọ́ kàn," ó máa ń wí, "mo fi ra ohun tí mi ò lè fọwọ́ kàn. Ẹ bá mi wò ó bóyá orí mi pé."

"Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mi nìkan ni orí yín pé," ni Ìyá máa ń dá a lóhùn. "Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a."

Bẹ́ẹ̀ ni inú fóònù kì í ṣe ilé ẹni tí ènìyàn kàn ń wọ̀. Áàpù kì í dé ọwọ́ olùkàwé àfi bó bá gba ilé ìtajà inú fóònù kọjá, Bàbá ló sì sọ ilé ìtajà náà ní Onílẹ̀kùn. Nínú owó ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà níbẹ̀, Onílẹ̀kùn a mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Kò kọ ìwé, kò tẹ ìwé, kò ru ìwé. Ilẹ̀kùn nìkan ló dì mú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi owó lé ìwé inú áàpù kí wọ́n má bàa jẹ gbèsè, tó fi jẹ́ pé ìwé kan náà wọ́n nínú fóònù ju inú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Síbẹ̀, ìtàn alágbàfọ̀ ń tà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Bí áàpù yẹn bá kú, ilé náà kú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wọn.

* * *

Ọkùnrin inú ọkọ̀ di ọkùnrin ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́, ó di ẹni tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń bá Bàbá to ìwé tí wọn kò tà. Onígíláàsì ni ọmọbìnrin náà ń pè é. Òun náà ń pè é ní Òǹkọ̀wé mi, bó bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, ara ọmọbìnrin náà a gbóná bí ẹni tó dúró ti iná.

"Òǹkọ̀wé mi, o jẹun?"

"Mo jẹ tèmi. Mo tún jẹ tìrẹ."

"Ọlọ́ṣà."

"Ìwọ lo gbé e síwájú mi. Olè wo ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún?"

Onígíláàsì a wá rẹ́rìn-ín, a fi etí ẹ̀wù nu gíláàsì rẹ̀, gíláàsì ọ̀hún a sì tún dọ̀tí sí i.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò ye ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe gan-an?" ni Ìyá bi í lọ́jọ́ kan.

"Ilé iṣẹ́ kan ni, Mà. Mo máa ń yẹ nǹkan wò bóyá ó bófin mu."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Nǹkan ni, Mà."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá di apá mọ́ àyà. "Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ òkùnkùn lọmọ yìí ń ṣe?"

"Ìyá mi, ẹni tó ń sunkún nítorí alágbàfọ̀!"

"Ẹni tó ń sunkún náà ń jalè. Omijé kì í di ènìyàn lọ́wọ́."

Bàbá ní tirẹ̀ kò bá wọn jiyàn. Ó pe ọkùnrin náà sẹ́yìn, ó na àtàǹpàkò dúdú náà sí i. "Mo rí ọ, mo rí ọmọ mi. Mi ò fọ́jú. Ṣùgbọ́n èmi kì í ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí gíláàsì fóònù. Bí o bá fẹ́ ẹ, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sórí pépà, kí o gbé e lé mi lọ́wọ́. Kọ ẹni tí o jẹ́ sí i. Kọ ibi tí o ti wá. Kọ iṣẹ́ tí o ń ṣe, má fi bò."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó kọ lẹ́tà náà. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ó kọ ọ́, torí ó ń rí etí àpòòwé rẹ̀ nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, oṣù ń bọ̀, lẹ́tà kò kúrò nínú àpò.

"Ṣé o fẹ́ kí ebi pa á kú níbẹ̀ ni?" ó máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́.

"Ó ku ìlà kan."

"Ìlà wo?"

Ó kàn di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ó sì pọwọ́ náà dé bí ẹni tó ń pa ìwé dé kí ojúewé má bàa sọnù.

* * *

Olùkàwé kan ló dá ọ̀ràn sílẹ̀ láìmọ̀. Obìnrin náà rìn wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rí ìwé tó ti rà nínú áàpù, ó wo iye tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, ó sì kígbe. "Ẹ rẹ́ mi jẹ! Ẹ̀yin tí mo rò pé èèyàn ni yín!"

Àlàyé tí wọ́n ṣe nípa Onílẹ̀kùn kò wọ̀ ọ́ létí. Ó jáde, ó fi èébú sílẹ̀ fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà jókòó ti kọ̀ǹpútà, Onígíláàsì jókòó tì í, ó ń jẹ búrẹ́dì. Òpin orí kìíní, èyí tí gbogbo ènìyàn ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú áàpù, ni ọmọbìnrin náà ń fi ìlà tuntun kan sí: Bí o bá fẹ́ ìyókù, ìwé yìí dínwó ní ṣọ́ọ̀bù wa. Wá gbà á níbẹ̀. Ó kọ àdírẹ́sì sí i.

"Gbọ́ ná," ó ní. "Bí o bá ń tajà lójú ọ̀nà, tí o sì mọ̀ pé ọjà kan náà dínwó nílé rẹ, ṣé o ò ní sọ fún oníbàárà rẹ?"

Onígíláàsì kò jẹ búrẹ́dì mọ́. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, kò gbé e mì, kò tu ú.

"Àbí kò dáa?"

"Ó... òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà," ló wí.

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣé kó lọ?"

Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún gbé e sójú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọbìnrin náà rò pé oorun ló ń kùn ún. Ó tẹ bọ́tìnnì, ìlà náà sì lọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ti ẹlòmíràn ló bá a dákẹ́.

* * *

Ìwé ìkìlọ̀ kò ní ojú. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn dáadáa, ọmọbìnrin náà sì kà á sókè fún bàbá rẹ̀, torí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

"'A ti yọ áàpù yín kúrò ní ilé ìtajà wa. Ó ń darí oníbàárà lọ síta láti sanwó níbòmíràn. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà nínú áàpù yín pé ọ̀nà mìíràn wà. Àwa Aṣàyẹ̀wò.'"

"Àwọn wo ni Aṣàyẹ̀wò?" ni Bàbá béèrè. "Kí lorúkọ ẹni tó kọ ọ́?"

"Kò sí orúkọ, Bàbá."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú wo ni mo fẹ́ wò bẹ̀ báyìí?"

Ìgbà yẹn ni ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan kù nísàlẹ̀, lábẹ́ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí. Kò kà á sókè. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí alágbàfọ̀ yẹn kú.

Ariwo òjò ọjọ́ yẹn padà wá sí i létí, agboòrùn tó ń kán, ọwọ́ tó di irin mú. "Mo máa ń yẹ nǹkan wò bóyá ó bófin mu." Búrẹ́dì tí kò ṣe é gbé mì. Ìlà kan tó kù nínú lẹ́tà.

Ní ẹ̀yìn rẹ̀, àga ró gbì. Nígbà tó máa fi yíjú, Bàbá Atẹ̀wé ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún tó ń mọ pépà sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé.

* * *

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni Onígíláàsì ti bá a. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní títì ló sọ fún un.

"Dúró níbẹ̀ yẹn," ọmọbìnrin náà wí. "Má sún mọ́ mi. Ìwọ ni, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó mọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ Onílẹ̀kùn, níbi iṣẹ́ mi, ni mo ti kọ́kọ́ pàdé alágbàfọ̀, nígbà tí ẹ fi áàpù yín ránṣẹ́. Ìwé ni wọ́n mú mi tọwọ́ bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí, pé n kò gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ mi fún ẹ̀dá alààyè. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà Bàbá fi..." Ó fọwọ́ kan àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. "Nígbà tí ọ̀rọ̀ yín dé orí tábìlì mi, mo lè gbé e fún ẹlòmíràn. Yóò yọ ọ́ láìkà á. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó máa yọ ọ́ jẹ́ ẹni tó kà á."

"Ó yẹ kí ẹni tó kà á sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wúlò!" Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ọmọbìnrin náà sì rẹ ohùn sílẹ̀, èyí tó burú ju igbe lọ. "Mi ò bínú pé o ṣiṣẹ́ rẹ. O jókòó tì mí. Mo bi ọ́ pé ṣé kó lọ. Ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ kan, 'rárá,' kò wúwo ju búrẹ́dì ẹnu rẹ lọ. O pa á mọ́ nítorí oúnjẹ rẹ, o fi oúnjẹ wa dí i."

Kò wá àwáwí. Omi yọ lábẹ́ gíláàsì rẹ̀ bí ti ọjọ́ kìíní, kò sì nù ún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo.

"Máa lọ," ọmọbìnrin náà wí. "Jọ̀ọ́, ìfẹ́ mi, máa lọ."

Ó lọ. Orúkọ tó pè é yẹn, àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

* * *

Wọ́n yọ ìlà náà, wọ́n tún fi áàpù ránṣẹ́. A ń yẹ̀ ẹ́ wò, ni èsì. Wọ́n tún kọ̀wé. A ń yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ìwé tó wà lọ́wọ́ Onílẹ̀kùn há síbẹ̀. Àwọn tó ti ra ìwé pààrọ̀ fóònù, wọn kò rí ìwé wọn mọ́, wọ́n ń pe ilé náà lólè. Ìyá àti ọmọ gé ṣọ́ọ̀bù sí méjì, wọ́n fi ìdajì háyà fún oníbàtà. Òórùn awọ bo òórùn tàdáwà mọ́lẹ̀.

Bàbá padà sílé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kò padà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń fọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì rí i lọ́jọ́ kan pé àtàǹpàkò náà ti ń funfun. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún níbẹ̀. Kò kọ ìtàn mọ́. Alágbàfọ̀ wà lórí ibùsùn àìsàn níbi tó fi í sí, kò kú, kò dìde.

Ìyá ló mú ìròyìn wọlé. "Wọ́n ti lé ọmọ yẹn níbi iṣẹ́."

"Ọmọ wo?"

"Má ṣe bíi pé o ò mọ̀. Nítorí ìlà kan tó fi kún ìwé wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló yẹ kí ìwé wọn jọ, kò yẹ kó jọ èèyàn." Ìyá jókòó, ó ń ṣẹ́ aṣọ. "Ó mọ̀ pé wọn yóò lé òun kó tó kọ ọ́. Mo bi í."

"Ẹ bi í? Níbo lẹ ti rí i?"

"Ta lo rò pé ó ń gbé bàbá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí o bá wà ní ṣọ́ọ̀bù? Èmi arúgbó yìí?" Ìyá kò gbójú sókè. "Ó ní kí n má sọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí dídákẹ́ fi ilé yìí ṣe."

* * *

Ọmọbìnrin náà lọ dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ń ya jáde. Òjò kò rọ̀. Ó rí Onígíláàsì kí ọkùnrin náà tó rí òun: ó ti rù sí i, ẹsẹ̀ gíláàsì rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ó fi okùn so ó.

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Èrò ń gbá wọn sọ́tùn-ún sósì.

"Inú ṣì ń bí mi," ọmọbìnrin náà wí.

"Mo mọ̀."

"Yóò sì máa bí mi fún ìgbà pípẹ́."

"Màá dúró tì í."

"Lẹ́tà Bàbá ńkọ́?"

Ó fọwọ́ kan àyà ẹ̀wù rẹ̀. "Mo ti kọ ìlà tó kù."

"Kí lo kọ sí iṣẹ́?"

"Mo kọ ohun tí mo ṣe tẹ́lẹ̀ àti ohun tí mo fi ṣe yín. Mo wá kọ ọ́ pé ní báyìí, n kò níṣẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà láìrò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín kíkorò, àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. "O fẹ́ fi ìyẹn tọrọ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Bàbá ní kí n má fi bò."

Wọ́n rìn lọ sílé láìdi ara wọn lọ́wọ́ mú. Lójú ọ̀nà, Onígíláàsì bi í pé, "Alágbàfọ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì kú."

"Ṣé yóò..."

"Mo ní kò tíì kú. Má yọ mí lẹ́nu."

Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bó ṣe máa ń wà. Onígíláàsì dúró níwájú rẹ̀, ó fa àpòòwé yọ. Etí rẹ̀ ti fi díẹ̀díẹ̀ ya, ó ti gba àwọ̀ òógùn àyà.

"Bàbá, ẹ má bínú pé ó pẹ́," ló wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ọwọ́ òsì Bàbá Atẹ̀wé dìde, ó gbà á. Kò kọ́kọ́ kà á. Ó fi àtàǹpàkò tí kò mọ iṣẹ́ náà pa pépà lára lókè, nísàlẹ̀. Ó gbé e sí imú. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kà, ẹ fi pépà sílẹ̀!" ni Ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá kà á. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ dé ibì kan nísàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó padà sókè ìlà náà, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo ọkùnrin náà lójú, ó wò ó títí gíláàsì fi bò mọ́ ọn lójú, ọkùnrin náà kò sì yẹjú.

Bàbá tẹ́ lẹ́tà náà sórí orúnkún. Ọwọ́ kan ni, ó ṣòro, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó ká a sí méjì, ó fi èékánná tẹ ojú ìká náà mọ́lẹ̀ láti òpin dé òpin, bó ṣe máa ń tẹ ẹ̀yìn ìwé tuntun nígbà tí ẹ̀rọ ńlá ṣì ń ké nínú ilé.

Ó wá na apá rẹ̀, ó kọjá ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.